Wáyà Pupa Inú Mọ́tò Màmá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ ti yá, ṣé iṣẹ́ sì ń lọ bó ṣe yẹ? Koko ni ara Màmá wa le, ọmọ rẹ obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn náà ti dàgbà débi pé bàtà rẹ̀ ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí èmi tí mò ń kọ ọ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Nígbà tí o wá sílé kẹ́yìn, o fi odidi ọ̀sán kan so ẹ̀rọ orin ńlá mọ́ mọ́tò tí Màmá fi ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Inú Màmá dùn débi pé wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí kan èmi tí mò ń fi iṣẹ́ rewáyà, títún iná mọ́tò ṣe, jẹun. “Ẹ̀bùn ọmọ mi ni,” ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì tún yí ohùn rẹ̀ sókè sí i. Gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé bí fèrèsé bá ti ń gbọ̀n, Màmá ló ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé iná ẹ̀yìn kan kò tàn. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn rọ́bà jíjó ló kí mi káàbọ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń rùn bẹ́ẹ̀, pé bóyá súwíìtì àwọn ọmọ ló yọ́ sábẹ́ ìjókòó. Ara fu mí.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tọ wáyà pupa tí o fà láti bátìrì. Inú ihò irin lásán ni o ti fà á wọ inú mọ́tò, o ò fi rọ́bà bo etí ihò náà. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń gbọ̀n ni irin ń ha wáyà, ó sì ti ha á dé bàbà inú rẹ̀. Bí bàbà yẹn bá fi lè kan irin dáadáa, iná ni. Fíúsì tó yẹ kó tètè já kí iná má baà ràn, ìdí ẹ̀rọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni o gbé e sí. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì ló yẹ kó wà, kó lè gba gbogbo wáyà náà sílẹ̀.

Ti Màmá fúnra wọn ló wá yà mí lẹ́nu jù. Fíúsì náà ti já rí, nítorí wọ́n máa ń yí ohùn dé òpin. Wọ́n wá fi bébà dídán tí wọ́n fi ń wé súwíìtì yí i ká, orin sì padà. “Mo tún un ṣe fúnra mi,” ni wọ́n wí, bí ẹni tí ń retí kí n kí òun kú iṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Fíúsì tí a bá wé báyẹn kò ní já mọ́. Wáyà ni yóò máa jó dípò rẹ̀.

Mo yọ wáyà náà, mo ká a, mo gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Màmá fi àáké kọ́rí pé àfi kí n dá a padà, èmi náà fi àáké kọ́rí. Wọ́n ní mò ń jowú rẹ ni. Ní báyìí, bí wọ́n bá ń kọjá, wọn kì í wo apá ọ̀dọ̀ mi, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn tí yóò bá wọn so ó. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní yẹ̀.

Nítorí náà, wá sílé. Ọ̀rọ̀ rẹ nìkan ni wọn yóò gbọ́. Ra wáyà tó nípọn dání. Èmi yóò wá fíúsì àti rọ́bà, a ó jọ ṣe é lójú wọn, kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀. Má sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ dí. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo rí ibi tí wáyà náà ti jó o dúdú. Ìjókòó tó wà lórí ibẹ̀ gan-an ni ọmọ rẹ máa ń jókòó sí, nítorí ó ní ibẹ̀ lòun ti ń gbọ́ orin bàbá òun dáadáa jù.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ gbogbo àwọn tí mọ́tò yẹn ń gbé, kó sì mú ọ délé láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Rewáyà tí Màmá ò kí mọ́

Àfikún: Mo gé ibi tó ti bó lára wáyà náà sínú àpò ìwé yìí. Fi ọwọ́ kàn án kí o tó mú ọjọ́ tí wàá wá.