Físà Ìgbafẹ́ sí Ṣáínà

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Kẹrin, 1985

Mo ti Ìbàdàn dé sí Ṣakí. Gbogbo ara ń ro mí. Táyà bẹ́ kí a tó dé Ìsẹ́yìn, a jókòó sábẹ́ oòrùn títí.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran ni orúkọ ẹni tó ń báni gba físà Ṣáínà. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà n'Ìbàdàn, lókè ṣọ́ọ̀bù oní-dígí kan. Ó ní kò le rárá, ọ̀túnla ni gbogbo rẹ̀ yóò ti yanjú. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ní ọmọ mi obìnrin, Àbíkẹ́, tí ìjọba rán lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ni mo fẹ́ lọ rí. Ó ní rárá o, ìyẹn yóò mú ọ̀rọ̀ gùn, kí a kọ ọ́ pé ìgbafẹ́ ni mo ń bá lọ. Èmi! Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò gbafẹ́ dé Òtù ìtòsí wa yìí rí. Ṣùgbọ́n mo buwọ́ lù ú. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó mọ̀ mí lọ́hùn-ún, a kọ orúkọ Àbíkẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Peking.

Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kẹrin

Kí n kọ ọ́ síbí, bóyá àyà mi á fúyẹ́. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi ti kú. Àbíkẹ́ kò mọ̀. Àwọn àgbà ilé ní irú rẹ̀ kò ṣe é fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà sí ọmọ tó dá wà láàárín àjèjì. Kí bàbá rẹ̀ lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì wà níbẹ̀ láti dì í mú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń dáhùn lẹ́tà ọmọ. Èmi ni mo ń kọ “ìyá rẹ ń kí ọ” ní ìsàlẹ̀. Ọwọ́ mi kì í fẹ́ kọ ọ́.

Wàyí, ọmọ Alájì Ràsáàkì aládùúgbò wa ń palẹ̀mọ́, ilé ẹ̀kọ́ Àbíkẹ́ gan-an ló ń lọ lóṣù Keje. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró! Mo gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Jímọ̀, 3 oṣù Karùn-ún

Kò sí ìròyìn. Láti òní lọ, orúkọ Ògúndìran nínú ìwé yìí ni Ọ̀túnla.

Ọjọ́rú, 8 oṣù Karùn-ún

Ọ̀túnla rán dẹ́rẹ́bà sí mi. Wọn kò gba fótò mi ní ẹ́ńbásì. Fìlà bo iwájú orí. Ṣé kò rí fìlà náà lórí mi nígbà tó ń gba fótò lọ́wọ́ mi ni? Ó tiẹ̀ yìn ín! Mo ti lọ ya òmíràn lọ́dọ̀ Àmúdà onífótò. Mo jókòó níwájú rẹ̀ láìdé fìlà, bí ẹni tí wọ́n mú.

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Karùn-ún

Wọ́n tún dá a padà! Mo wo fótò náà dáadáa, mo sì rí i — Àmúdà ti fi pẹ́ńsù pa gbogbo ilà ojú mi rẹ́. Nínú páásípọ́ọ̀tù, mo kọlà gbàǹgbà. Nínú fótò, ojú mi ń dán bí àwo tánganran. Ó ní oore lòun ṣe mí, pé gbogbo oníbàárà ló ń bẹ òun kí òun sọ àwọn di ọ̀dọ́, pé Bàbá Àbíkẹ́ ni kò mọ oore. Mo pariwo mọ́ ọn títí ohùn mi fi há. Ó yà á lọ́tun. Mo jókòó tì í títí ó fi fọ̀ ọ́ tán, mo sì gba pẹ́ńsù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 22 oṣù Karùn-ún

Ìbàdàn pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu. Ọlọ́run nìkan ló lè san án fún mi.

Ọ̀túnla ní oní-ìgbafẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò lọ wò. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ ìlú tí ahọ́n mi kò lè pè. Ó ní n óò lọ wo odi gígùn kan. Mo ní odi? Odi tó wà n'Ígbòho nítòsí wa, n kò lọ wò ó! Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ lọ.

Ó tún ní òun yóò rán ènìyàn wá sí agbo ilé mi, kí ó wò ó bóyá mo ní ohun tí yóò mú mi padà wálé, torí àwọn kan máa ń lọ lọ́wọ́ òun tí wọn kì í bọ̀. Mo ní kí ó rán an. Mo ní ilé. Mo ní oko iṣu. Mo ní — mo dìde, mo wá ọkọ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Karùn-ún

Mo ti oko dé. Ọ̀túnla kò sọ nǹkan kan.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹfà

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n bú sẹ́kún.

Nígbà tí a ń ṣínu, Ìyá Àwáwù, aya Ràmọ́nì àbúrò mi, gbé ọbẹ̀ wá fún mi, ẹran kún inú rẹ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ. Ó wá ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n dúpẹ́. Ó ní èmi ọkọ òun kò mọ ohun tí òun ṣe fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo wà lóko, ọkùnrin kan tó de táì wọ agbo ilé, ó gbé fáìlì dání, ó ń béèrè Ọ̀ṣẹ́nì Oyèlékè. Orúkọ yẹn kẹ̀! Nínú ilé yìí, Bàbá Àbíkẹ́ ni mí, tàbí Tíṣà. Agbówó-orí àti kóòtù nìkan ló ń pe odidi orúkọ mi. Ìyá Àwáwù sì ṣe ohun tí àwọn ìyàwó ilé wa ti ń ṣe láti ìgbà ayé bàbá wa — bí oníwèé bá ti wọlé, gbogbo ọkùnrin ilé ti kú. Ó ní, “Ó ti kú o! Ó ti pẹ́!” Àdùkẹ́, ìyàwó kékeré nínú agbo ilé wa, bú sẹ́kún lórí ìjókòó. Eré ṣíṣe tó wà lára rẹ̀ kò kéré! Wọ́n tiẹ̀ mú ọkùnrin náà dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi sàréè Àmọ̀kẹ́ hàn án pé tèmi ni.

N kò lè jẹ ẹran náà.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹfà

Ọ̀túnla rí mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, díẹ̀ ló kù kó gba ojú fèrèsé jáde. Mo ní kó jókòó, èmi ni. Ó fọwọ́ kàn mí kó tó gbà. Inú mi fẹ́ dùn sí ẹ̀rù tó bà á.

Ó wá ní òun ti pa fáìlì mi dé. Ó ní òun sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe: òun tẹ wáyà sí ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Mo ní wáyà wo? Ó ní sí Peking. Pé bàbá rẹ̀ ti kú, a bá a kẹ́dùn.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Ohun tí gbogbo ilé ń sá fún láti ọjọ́ yìí, kí ọmọ má ṣe dá nìkan gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ — ó ti fi ìlà kan ṣe é, ẹni tí kò kú ló sì fi ṣe é. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i tí aláàwẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà mo sáré lọ sí pósí-ọ́fíìsì, mo tẹ wáyà: Mo wà láàyè. Bàbá.

Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹfà

Kò sí èsì.

Jímọ̀, 14 oṣù Kẹfà

Físà dé! Ìtìjú ti jẹ́ kí Ọ̀túnla ṣe iṣẹ́ ní kíákíá. Òǹtẹ̀ gàdàgbà, n kò lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Bí a bá ti jẹ ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tán, mo ń lọ. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu mi nínú yàrá. Àbíkẹ́, kọ́kọ́ jókòó. Àbíkẹ́, ìyá rẹ kò jìyà. N kò tíì sọ ọ́ dé òpin rí.

Àìkú, 16 oṣù Kẹfà

Lọ́sàn-án òní ni takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn, ojú wú. N kò tètè mọ̀ ọ́n. Àbíkẹ́ mi! Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló bá a wá ọkọ̀ òfúrufú. Wáyà mi kò bá a níbẹ̀ mọ́.

Ó rí mi lórí àga, ó kígbe, ó ṣubú lù mí. Ó ń fọwọ́ pa ojú mi, ó ń fọwọ́ pa orí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Gbogbo ilé tú síta. Wọ́n ń jó. Èmi náà ń sunkún bí ọmọdé, n kò sì tijú.

Ó ní nínú ọkọ̀ òfúrufú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé òun ró: pé bí Bàbá bá lọ, Màámi kù, òun kò tíì di ọmọ òrukàn. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn lòun fi ń mí.

Ó tú mi sílẹ̀. Ó fi ìborùn nu ojú rẹ̀. Ó kọjú sí yàrá ìyá rẹ̀, ó ń pè: “Màámi! Màámi, Bàbá ò kú o! Ẹ jáde wá!”

Ijó dúró. Ìyá Àwáwù wo ilẹ̀. Mo dìde, mo la ẹnu, gbogbo ohun tí mo ti kọ́ sórí fò lọ.

Ó tún pè é.