Aṣọ Funfun Tí O Fi Bora ní Minanata

Abà Olókè,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.

Mọ́ṣúdù ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lo wà? Àsmá'ù ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé oyún náà ò dà á láàmú? Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, àmọ́ inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Lẹ́tà ni mo kọ, dẹ́rẹ́bà tó ń kó àlùbọ́sà láti ọ̀dọ̀ yín ní Sokoto ni mo fi rán, torí mi ò gba fóònù gbọ́ mọ́.

Ṣé o mọ ohun tí fóònù fojú mi rí? Lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Husseinat ọmọ àbúrò mi gbé tirẹ̀ wá pé Àsmá'ù ń pè, ojú ẹni sì ń hàn nínú rẹ̀. Mi ò tíì kí i tán tó fi ní kí n wo ọkọ òun. Mo wò ó. Ìwọ ni mo rí lórí sìmẹ́ǹtì lásán nínú ilé yín ní Minanata, o nà gbalaja, aṣọ funfun bò ọ́ látorí dé ẹsẹ̀, ìyàwó rẹ ń bu omi sí ọ lára. Bí fóònù ṣe kú nìyẹn. Mọ́ṣúdù, ẹni tí wọ́n fi aṣọ funfun bò látorí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n ń bomi wẹ̀, kí ni àwa Mùsùlùmí ń pè é?

Mo ní kí Husseinat pè yín padà. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ Òyìnbó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbé fóònù fún Àsmá'ù, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, kò tilẹ̀ kí mi. Ta ni obìnrin náà, kí ló ń ṣe nílé rẹ? Husseinat wá ṣí ibì kan tí wọ́n ya oòrùn sí, ó ní Sokoto ti wọ mẹ́tàlélógójì lónìí. Mo ṣe bí iye òkú ló ń kà, mo ní yéè, ọmọ mi ló sọ wọ́n di mẹ́tàlélógójì.

Ìyá rẹ figbe ta. Ààfáà Yahya ní ká ṣe sùúrù ká gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo bi wọ́n bóyá ojú mi ló ń parọ́. A kírun òkú sí ọ lára láìsí òkú, mo sì pa àgbò Iléyá fáwọn tó wá bá wa kẹ́dùn.

Àfi bó o ṣe pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ò ń rẹ́rìn-ín! O ní aṣọ ni wọ́n máa ń rẹ sómi bora lọ́dọ̀ yín nígbà ooru kára lè tutù. Láti ọjọ́ yẹn ni Sùnmọ́nù alágbẹ̀dẹ ti ń kí mi kú ewu àjíǹde ọmọ. Fóònù tó mọ bí oòrùn Sokoto ṣe mú tó, tó jókòó sí abà níbí, kò wá lè sọ pé ọmọ mi ò kú?

Ìyẹn ì bá tán nílẹ̀. Àmọ́ Àsmá'ù ti sọ òótọ́ fún ìyá rẹ. Ó ní inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù rẹ ní Kofar Marke lo wà látàárọ̀, o ò mu omi, torí kí oníbàárà má baà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tanko tí ẹ jọ ń ta ọjà ti ilẹ̀kùn tiẹ̀, ó tẹ́ní sábẹ́ igi dongoyárò bó ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án, ó pè ọ́, o ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sùn lọ́sàn-án. Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Èmi bàbá rẹ ń sùn lọ́sàn-án! Ìgbà tó yá, òógùn ò jáde lára rẹ mọ́, o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, o ṣubú. Tanko ló fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé ọ délé. Àdúà ni Àsmá'ù pè wá fún, ìwọ wá fi ẹ̀rín bò ó. Ojú mi ò parọ́, Mọ́ṣúdù. Ìwọ lo parọ́.

Nítorí náà, bí oòrùn bá ti dé àtàrí, ti ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ní ti Tanko. Gbé omi dání, má dúró de òùngbẹ. Àsmá'ù ò gbọdọ̀ dáná nínú ilé onípáànù lọ́sàn-án; bí ooru náà ò bá rọlẹ̀, jẹ́ kó máa bọ̀ nílé títí òjò yóò fi rọ̀. Bá mi sọ fún Tanko pé na gode, mo ti béèrè bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lédè Hausa.

Owó àgbò Iléyá ńkọ́? Ìwọ lo jẹ gbèsè rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ni kó o fi rán, má fi sínú fóònù, kí obìnrin Olóyìnbó yẹn má lọ gbà á.

Mo ti bi Ààfáà Yahya bí a ṣe ń dá ìrun òkú padà. Wọ́n ní a kì í dá a padà. Ó dáa. Mo ti kí tìrẹ, mo ti sunkún rẹ, mi ò ní òmíràn. Tèmi ló kù lọ́wọ́ rẹ. Ọlọ́run á dá ọ sí kó o wá kí i.

Mu omi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tàjúdíìn.