A Yí Òkè Ẹfun Ká Láìsí Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wọn kì í kí òkú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń kí yín nìyẹn nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé, mi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí màá gbà bẹ̀rẹ̀. Ilé wa ní Fẹ́sítàákì ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Omi ẹ̀rọ ò tíì yọ, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Àga yín wà ní bàkónì, Màmá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i. Ológbò àwọn ará òkè nìkan ló ń ráyè sùn síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni Màmá sì ń bá a jà.

Ìròyìn tí mo fẹ́ ròyìn fún yín ni pé a lọ sí Gálílì lọ́dún yìí. Kì í ṣe ti ìjọ wa o. Àwọn yẹn ṣì ń ṣe tiwọn lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọn á gbé kúlà, wọn á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi lọ́nà Satellite, wọn á jẹ ìrẹsì. Ẹ máa ń ní ìyẹn kọ́ ni Gálílì, pé kò sí ọmọ ẹ̀yìn Jésù kankan tó gbé kúlà. Ìlú yín lẹ máa ń kó wa lọ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí a lè fi ẹsẹ̀ yí òkè ẹfun ká.

Mo lè fi ojú inú rìn ín. A ó kúrò ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà, ìyá yín, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tí ọkọ̀ kì í dé, a ó gba àárín oko ẹ̀gẹ́, a ó wá máa gun òkè olókùúta funfun yẹn tó máa ń kun bàtà ẹni. Lórí rẹ̀ ni ahoro tí àwọn baba ńlá wa ti ṣí kúrò wà, tí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ṣì dúró níbẹ̀ láìní òrùlé. Lẹ́yìn náà a ó sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé tí Bàbá Kékeré, àbúrò yín kan ṣoṣo, ń gbé, kí a tó gba ẹ̀gbẹ́ kejì òkè padà sílé Ìyá Àgbà. Ẹ kì í jẹ́ ká gba ọ̀nà tí a bá lọ padà. Ẹ ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú sọ́ọ̀kìsì. Tí èémí bá sì ń tán lọ lára yín, ẹ ò ní gbà. Ẹ ó dúró gbagidi, ẹ ó ní ká wo bí òfuurufú ṣe dára tó. Bàbá, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ ń mí ni. Bàbá Kékeré á ní ìlú Èkó ti fi yín jẹ gààrí, ẹ̀yin méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí ẹ ó fi di igi mú.

Ẹ ò mọ̀, àbí ẹ mọ̀? Bàbá Kékeré kò dáhùn kíkí Màmá mọ́ láti ìgbà tí a ti sin yín sí Èkó. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbẹ́ sàréè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Àgbà, nínú ilẹ̀ líle yẹn, pẹ̀lú dígà. Wọ́n gbẹ́ ẹ tán, òkú ò dé. Wọ́n ní Màmá ló gbé ẹ̀gbọ́n àwọn sá. Màmá pè wọ́n lórí fóònù títí, wọn ò gbé e. Màmá rán àwọn alàgbà ìjọ sí wọn, ilẹ̀kùn ni Bàbá Kékeré tì mọ́ wọn.

Kí ló dé tí ẹ ò fi ẹnu ara yín sọ fún àbúrò yín? Èmi àti Màmá nìkan lẹ sọ fún lórí bẹ́ẹ̀dì pé Èkó lẹ fẹ́ sùn sí. Ẹ dá wàhálà sílẹ̀, ẹ wá lọ sinmi. Inú bí mi sí yín, kí n má parọ́. Mò ń wo bí Màmá ṣe ń rù, tí wọ́n ń dá nìkan sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì, mo sì ń bínú sí yín.

Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí Màmá ní ká lọ rin Gálílì. Orúnkún wọn ńkọ́? Láti ilé dé Alákijà, wọ́n á sinmi lọ́nà. Okùn bàtà wọn ni wọ́n ń so. Orí òkè ni mo ti wá mọ ohun tí wọ́n ń gbèrò. Ẹni tó bá wá kanlẹ̀kùn, èèyàn lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí Gálílì, ọ̀nà ló ń rìn, ta ló máa lé e? Ọ̀nà náà sì gba iwájú ilé Bàbá Kékeré kọjá. Ọgbọ́n àgbà!

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo di ọ̀pá mú nítorí ejò, mo na fóònù síta, mò ń ya òkè, mò ń ya ahoro, mò ń ya ààlà oko. Ọmọ Fẹ́sítàákì! Mi ò rántí pé lágbègbè tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì, ẹni tó bá ń na nǹkan sí ilẹ̀ onílẹ̀, awọnlẹ̀ tó wá gba ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kan tó ń roko rí wa, ó figbe ta, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nísàlẹ̀ tó ń lérí pé ẹni tó bá wọn ilẹ̀ bàbá òun lónìí, òun á wọn tirẹ̀ fún un. Bàbá Kékeré ni. Wọ́n yọ sí wa pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, wọ́n ti hewú gan-an. Bàbá, ìrìn yín ni wọ́n ń rìn.

Kò sí ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè tì. Màmá kúnlẹ̀ lórí òkúta. Wọ́n pe Bàbá Kékeré ní Eyínfúnjowó, orúkọ tí Màmá fúnra wọn fi sọ wọ́n lọ́jọ́ tí Màmá wọlé yín bí ìyàwó. Bàbá Kékeré yíjú sí òkè. Màmá tún kí wọn. Òkè yẹn náà ni Bàbá Kékeré ṣì ń wò.

Màmá wá sọ ohun tí wọn ò tíì rí àyè sọ. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí a má gbé yín wá, pé ẹ ò fẹ́ kí ìyàwó yín máa fi orúnkún tó ń dùn ún gun òkè wá wo sàréè.

Bàbá Kékeré bojú wo orúnkún Màmá. Ẹfun ti kùn ún.

“Tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá fẹ́ kí ẹ gun òkè, kí lẹ wá ń wá níbí?”

“Ẹ̀yin ni mo wá kí, ọkọ mi.”

Bàbá Kékeré gbé àdá sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di Màmá mú.

“Ẹ dìde, ìyàwó mi. Ẹ kú ìrìn.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Bàbá Kékeré ní kí n má fi omi ojú pa oko àwọn.

Wọ́n bá wa rin ìyókù, àwọn ló ṣáájú. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà, sàréè náà ṣì là sílẹ̀ bí a ṣe rí i láàárọ̀, páànù ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé sàréè kì í ṣófo. Bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún ò bá wọ̀ ọ́, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sin síbẹ̀, kó má baà wá ẹlòmíràn. Gbogbo ẹbí ti bẹ Bàbá Kékeré, wọn ò gbà. Bí wọ́n bá ti lè sin ọ̀gẹ̀dẹ̀, á jẹ́ pé ẹ ò ní wá mọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, àwọn fúnra wọn gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lulẹ̀. Màmá, ìyá ìjọ tó máa ń pe ohun gbogbo ní ìbọ̀rìṣà, di ìdí rẹ̀ mú, Bàbá Kékeré di orí rẹ̀ mú, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Èmi ni mo fi ṣọ́bìrì da yẹ̀pẹ̀ sí i. Nígbà tó kún, Bàbá Kékeré fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yíká. Wọ́n wá kọjú sí ọ̀nà Èkó, wọ́n fi oríkì tí Ìyá Àgbà ń pè yín pè yín, wọ́n ní kí ẹ máa sùn níbi tí ẹ fẹ́.

Ó dàárọ̀ o, Bàbá mi.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí kò bínú sí yín mọ́.