Ọbẹ̀ Ítálì tí Mo Sè fún Ìyá

Fọláṣadé, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ní Ítálì. Igbókọ̀dá la ṣì wà látìgbà tí ìjà lórí odò tí a ti ń pẹja ti lé wa kúrò ní Abereke. Ẹsẹ̀ Ìyá ń wú, kò sì fẹ́ jẹun. Lọ́jọ́ Àìkú ó ní, "Ọmọ́lẹ́wà, se ohun tí àbúrò rẹ ń jẹ lọ́hùn-ún fún mi."

Mo lọ ẹran màlúù, mo dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, mo da tòmátì sí i bí o ṣe kọ́ mi, mo sì fi iná jẹ́jẹ́ sè é fún wákàtí mẹ́ta. Mo bù ú sórí sìpàgẹ́tì. Ìyá jẹ ẹ́ tán! Ó wá ní, "Bu ti bàbá yín pa mọ́, kó tó dé."

Àbúrò mi, Bàbá ò ní dé mọ́. Àwọn tó ń bá wa jà yìnbọn pa á ní Abereke níbi tó padà lọ kó àwọ̀n rẹ̀. Goodluck, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sin ín. N kò tíì rí ẹnu sọ fún Ìyá. Mo bu oúnjẹ náà pa mọ́.

Olúwa yóò tù ọ́ nínú. Tí o bá ń fèsì, jọ̀ọ́, ṣì máa kí Bàbá, torí mò ń ka lẹ́tà rẹ sétí Ìyá, n kò sì fẹ́ kó fura.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọmọ́lẹ́wà