Òkun Ọwọ́ Òsì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án

Mo ti pinnu. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà yẹhùn.

Kí wọ́n tó gbé egungun Tetsurō ọkọ mi wọ ibojì, màá rí àtẹ̀gùn tó wá títí tó fi kú. Àlùfáà tẹ́ḿpìlì ti mú ọjọ́: Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí, ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tó kú. Títí di ọjọ́ náà òkú ò tíì lọ jìnnà, ó ṣì ń rìn yí ilé rẹ̀ ká. Tó bá ń rìn, á jẹ́ pé ó ṣì ń ríran nìyẹn.

Ìkòkò tí a kó egungun rẹ̀ sí lẹ́yìn tí a sun òkú rẹ̀ wà lórí pẹpẹ ilé nínú aṣọ funfun, fọ́tò rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn lọ́dún tó kọjá, ní ọ̀kan nínú àwọn èbúté kéékèèké tí òun máa ń wọ́ mi lọ. Èwo ni? Mi ò mọ̀ mọ́, gbogbo wọn ló jọra. Ó ń jẹ ìrẹsì tí a fọwọ́ dì ní ìṣù, ó ń rẹ́rìn-ín, hóró ìrẹsì kan lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn onísìnkú yọ hóró náà, wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ọkọ mi wá dà bí ẹni tó ń dupò òṣèlú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Fíìmù Wa. Orúkọ tí a ń pè é nìyẹn, bí ẹni pé àwa la ṣe é. Dúdú àti funfun ni, ó ti jáde kí wọ́n tó bí mi. Àwọn èbúté òkun Seto níbí ni wọ́n ti yà á, Tetsurō sì ti ń wá ojú ibi tí wọ́n ti ya apá kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó wà níléèwé.

Tó bá dé ibì kan, á na apá, á gbé àwòrán tó tẹ̀ láti inú fíìmù náà sókè. Á sún síwájú, á sún sẹ́yìn, títí ògiri inú ìwé á fi bá ògiri òde mu. Ìgbà yẹn ni yóò tó ya fọ́tò. "Mo ti dá a padà sílé" – bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Afárá, ibùdó reluwé, ilé oúnjẹ onínúdù, gbogbo wọn ló ti dá padà sílé. Ó ku ẹyọ kan, àwòrán ìkẹyìn: àtẹ̀gùn òkúta létí òkun, fìtílà òkúta ńlá kan tí orí rẹ̀ ti ṣán nísàlẹ̀, àwọn obìnrin nínú aṣọ ìgbà ooru tí à ń pa etí rẹ̀ dé láyà, wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń lọ. Òkun wà ní ọwọ́ òsì.

Kò sí èbúté tí kò ní fìtílà òkúta lágbègbè yìí. Èyí tí òkun rẹ̀ máa wà ní ọwọ́ òsì ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nílé ìwòsàn: "Yasuyo, ó ku ọ̀kan." Kò tiẹ̀ sọ pé ó dìgbóṣe. Inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Kámẹ́rà Mẹ́ta wá sun tùràrí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Murakoshi ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló máa ń gbé kọ́rùn, bó tiẹ̀ jẹ́ ilé òkú ló ń lọ. Òun àti Tetsurō ni wọ́n jọ ń wá Fíìmù Wa kiri, tí wọ́n sì jọ ń bú ara wọn.

Mo sọ èrò mi fún un. Ó gbé ife tíì kalẹ̀. "Ìyá Mikako, inú ọgbà ìyafíìmù ni wọ́n ti kan àtẹ̀gùn yẹn. Pákó ni. Ọkọ yín náà mọ̀, àgídí ni ò jẹ́ kó gbà."

Mo bi í bóyá pákó ló ń hu koríko láàárín bẹ́ẹ̀ yẹn.

"Ẹ jẹ́ kí bàbá yìí sinmi."

"Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ wo ẹrù lọ́rùn yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí pẹpẹ, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo lọ gbé omi kaná kí n má baà rí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Erékùṣù méjì lónìí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ sínú àpò, mo ń yọ ọ́ síta ní èbúté kọ̀ọ̀kan kó lè wò ó. Ọmọ ilé-ìwé kan béèrè bóyá ẹni tó sọnù ni mò ń wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ló ń bá mi wá nǹkan. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Òjò. Orúnkún. Òfo.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mikako pè láti Osaka. "Màmá, ẹ̀ ń wá ohun tí Dádì fúnra wọn ò rí. Tẹ́ ẹ bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn ńkọ́?" Mo ní bí mo bá ṣubú, ó kéré tán a ó ti mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́.

Mo ní kí wọ́n tẹ àwòrán ìkẹyìn náà fún mi kó fẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú awò mi.

Ojú mi lọ sí àyà àwọn obìnrin náà. Etí aṣọ ọ̀tún ló wà lókè ti òsì. Gbogbo wọn.

Òkú là ń wọ aṣọ fún bẹ́ẹ̀. Alààyè a máa fi òsì lé ọ̀tún, ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Oṣù tó kọjá ni onísìnkú sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí èmi fúnra mi pa aṣọ funfun Tetsurō dé. Ọwọ́ mi ṣe é bó ti mọ́ ọn lára, òsì lé ọ̀tún. Ó ní, "Rárá mà, òdì kejì." Mo tún un ṣe. Mi ò lè gbàgbé.

Kí ló dé tí òkú fi dúró lórí àtẹ̀gùn tí ọkọ mi ń wá? Mo ká àwòrán náà. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òmùgọ̀ ni mí. Òmùgọ̀ ni gbogbo wa!

Mo wẹ̀ tán nírọ̀lẹ́, mo wọ aṣọ mi, mo pa á dé láyà, mo ń nu dígí tí ooru ti bò. Mo bá rí ara mi nínú dígí: ọ̀tún lé òsì. Òkú! Mo wo àyà mi gan-an: òsì lé ọ̀tún. Mo tún wo dígí. Mo wo àyà mi.

Mo sáré jáde láìfi nǹkan nu ẹsẹ̀. Mo gbé àwòrán náà, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà sí mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á já. Àwọn obìnrin náà jí dìde. Gbogbo wọn ló di alààyè. Òkun sì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Àwọn tó ṣe fíìmù ló yí i. Nínú apá tó ṣáájú, ọkọ̀ ọkùnrin inú fíìmù gba ọwọ́ òsì lọ, wọ́n fẹ́ kí ojú ìyàwó rẹ̀ tó wà lórí àtẹ̀gùn kọ síbẹ̀. Ṣé kì í ṣe nítorí ojú obìnrin kan ni wọ́n fi gbé odidi òkun sípò tí kì í ṣe tirẹ̀!

Tetsurō wo àwòrán yìí láti ìgbà èwe títí di arúgbó. Òkúta ló ń wò. Kò ka aṣọ sí. Ta ló ń di ìgbànú aṣọ rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ọdún? Èmi.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo ké sí Kámẹ́rà Mẹ́ta, mo fi hàn án. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn aṣọ tirẹ̀, ó wo àwòrán, ó tún fọwọ́ kàn án. "Àwa ọkùnrin," ó ní.

Ó lọ sílé lọ fi gbogbo fọ́tò èbúté tó ti yà wé àwòrán tí a yí náà. Erékùṣù mẹ́rin ló bá a mu.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ìjì líle. Ọkọ̀ ojú omi kankan ò lọ. Mikako ní kí a sún ìsìnkú síwájú. Mi ò sún un. Ìjì náà á rọlẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo rí i.

Erékùṣù kẹta ni. Kámẹ́rà Mẹ́ta fẹ́ bá mi wá, mo ní kó jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi lọ.

Fìtílà tí orí rẹ̀ ṣán. Àtẹ̀gùn. Mo na apá, mo gbé àwòrán tí a ti yí náà sókè, mo sún síwájú, mo sún sẹ́yìn. Òkúta bá òkúta mu.

Ìyá àgbà kan tó ń sá ẹja lójúlé tó wà lókè ń wò mí. "Ẹlòmíràn tún dé," ó ní. "Bàbá kan wà tó máa ń wá síbí. Ó máa ń jókòó sí ìdí fìtílà yẹn jẹun, á kẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn, á máa bú òkun. Ó ní òkun jókòó síbi tí kò yẹ. Mo máa ń fún un lọ́sàn, torí ó ń ṣe mí láàánú."

Mo yọ fọ́tò láti inú àpò.

"Òun gan-an! Ẹ̀gbọ́n yín ni?"

Mo ní ọkọ mi ni. Mo bi í bóyá wọ́n ya fíìmù níbí rí.

"Wọ́n yà á. Ìyá mi wà nínú àwọn obìnrin orí àtẹ̀gùn, òun ló wà lápá ẹ̀yìn."

"Ẹ ò sọ fún ọkọ mi?"

"Kò bi mí. Òkun ló ń bá sọ̀rọ̀."

Mo jókòó sórí òkúta. Mo ṣí fóònù, mo wá fọ́tò yẹn kàn, ojúlówó rẹ̀ tí onísìnkú kò tíì fọwọ́ kàn. Hóró ìrẹsì lágbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn etí rẹ̀, ààbọ̀ fìtílà òkúta, orí rẹ̀ ṣán. Lẹ́yìn fìtílà, àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ yẹn padà sí mi lọ́kàn. Ó gbé ìrẹsì sẹ́nu, ó ní, "Ibí yìí ì bá dára, Yasuyo, ṣùgbọ́n òkun kọ̀ mí." Mo ní kó gbojú sókè, mo sì yà á.

Ìyá àgbà fún mi lọ́sàn méjì. Mo jẹ ọ̀kan, mo fi ìkejì sí ìdí fìtílà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A ti gbé egungun rẹ̀ wọ ibojì. Mikako sunkún, Kámẹ́rà Mẹ́ta sunkún, kò sì gbé kámẹ́rà kankan wá. Mo ká àwòrán náà, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Àlùfáà ń wo ibòmíràn.

Mo dé ilé, mo gbé fọ́tò olójú ọ̀run kúrò. Èyí tó ní hóró ìrẹsì ló wà lórí pẹpẹ báyìí. Àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Kò ku ọ̀kankan mọ́, Tetsurō. Nígbà tí o ò sọ ọ́, èmi á sọ ọ́: ó dìgbóṣe, alágídí.