Fìríìjì Yàrá Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ọ̀gá ilé ìwòsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ètò ìṣọ́-iná-lò mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ló lò lórí ìwé ojú-ewé méjì. Ilé ìwòsàn tí fáànù ń fẹ́ àga òfìfo, tí iná ń bá oòrùn du iṣẹ́ lọ́sàn-án gangan. Mo ti kọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná lò. Èyí náà á gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ogójì àga, èèyàn mọ́kànlá. Àwọn dókítà ní ọwọ́ àwọn dí. Agbálẹ̀ kan ló jókòó níwájú — ẹgbẹ́ mi ni — ó ń kọ gbogbo ohun tí mo wí sílẹ̀. Oṣù kẹta rẹ̀ rèé níbí, wọ́n ṣì ń dán an wò. Mo ní tó bá bá mi ṣe é dáadáa, èmi fúnra mi ni n ó kọ̀wé kí wọ́n gbà á pátápátá. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, iṣẹ́ ń dúró.

Ọjọ́ Ajé, 10
Wọ́n ti ń pe agbálẹ̀ mi ní Panápaná. Yàrá tó bá ti kúrò, òkùnkùn ni. Dókítà kan ní, "Panápaná, jẹ́ n rí ẹsẹ̀ ara mi." Ó ní, "Ẹ ṣí fèrèsé, dókítà. Ọ̀fẹ́ ni oòrùn." Mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 12
Nọ́ọ̀sì àgbà fẹ́ ká kọ́kọ́ lẹ ìwé pupa mọ́ àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa. Ọ̀sẹ̀ kan ni títẹ̀ ẹ́ máa gbà. Mo ní, "Àǹtí, ta ni ò mọ fìríìjì yàtọ̀ sí fáànù?" Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa sáré lọ."

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn: FA GBOGBO WÁYÀ YỌ KÍ O TÓ LỌ SINMI ÒPIN Ọ̀SẸ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17
Panápaná fa gbogbo rẹ̀ yọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, fìríìjì kan gbáko, ti bàjẹ́. A dá àwọn ìyá padà tọmọtọmọ. Ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kẹta tí òun máa wá rèé.

Kí n kọ ọ́ síbí, torí n ò ní kọ ọ́ síbòmíràn: ó bi mí lọ́jọ́ Ẹtì. "Mà, títí kan ti yàrá abẹ́rẹ́?" Mo wà lórí fóònù. Mo ní, "Kí lo rí tí mo kọ síbẹ̀?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Ọ̀gá ti kọ ìwé ẹ̀sùn tán: àìbìkítà agbálẹ̀. Ibi ìbuwọ́lù kan ṣófo, tèmi. Ó ní iná tí à ń lò ti dín kù gan-an, wọ́n fẹ́ kí n lọ kọ́ ilé ìwòsàn márùn-ún mìíràn. "Má jẹ́ kí fìríìjì kan bà á jẹ́ fún ẹ."

Ọjọ́rú, 19
N ò tíì buwọ́ lù ú. Mo kí nọ́ọ̀sì àgbà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo buwọ́ lù ú kí n tó mu tíì àárọ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n ti lé Panápaná, ó wá dágbére. Wọn ò fi ìwé yẹn hàn án. Ó ní òun mọ̀ pé mo bá òun bẹ̀ wọ́n, Ọlọ́run á san án fún mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun kọ ìwé ẹ̀rí síbi iṣẹ́ mìíràn, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ òun tó mi.

Mo ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.