Láwàní tí Ìyàwó Mi Fọ̀

Kúrà,
Ọjọ́ Ẹtì.

Rakíyà ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Kánò níbi tí o ti ń kọ́ ìmọ̀ aṣọ. Ṣé ara le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ fọ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹn. Àwa ńkọ́? Ayọ̀ ni o! Láti ìgbà tí mo ti gbé Tàlátù níyàwó, ewúrẹ́ pàápàá ni mò ń rẹ́rìn-ín sí, àwọn tí a jọ ń lu aṣọ sì ń bi mí pé ṣé wọ́n ti sà sí mi ni.

Àmọ́ wàhálà kan dé. Tàlátù kì í ṣe ọmọ ibí, kò mọ̀ pé a kì í fọ láwàní Kúrà, aṣọ aláró tí a lù títí ó fi ń dán. Ìfẹ́ ló ṣe é: ó rí eruku lára èyí tí mo wé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó bá rì í bọ omi ọṣẹ. Nígbà tó gbẹ, gbogbo dídán rẹ̀ ti lọ, ó rí bí aṣọ ìnulẹ̀. Kànde ẹ̀gbọ́n mi pariwo pé obìnrin náà ti fọ oríire mi dànù, kí n dá a padà sílé wọn kí oṣù tó lé. Tàlátù di ẹrù lóòótọ́.

Ìgbà náà ni mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ, tí o fi àwòrán òwú dá mi lóhùn. O ní lílù ló ń sọ fọ́nrán di pẹlẹbẹ, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń dà padà lójú kan. Pé omi mú un wú, ìmọ́lẹ̀ wá fọ́n ká. Mo gbé fóònù sóòrùn bóyá àwòrán náà á dán; fóònù ló gbóná. Ó ṣì ń rú mi lójú o: ibo ni ìmọ́lẹ̀ ń lọ kó tó dà padà? Ṣé kí n máa ṣí àpótí láwàní sílẹ̀ fún un? Mo bi Kànde, ó ní kí n lọ bi afọṣọ mi.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀kan: ìrísí òwú ló yí padà, kì í ṣe oríire mi. Mo tẹ́ láwàní náà sórí ìtì igi, mo da aró gbígbẹ lúbúlúbú sí i, mo fi ọ̀rá ewúrẹ́ díẹ̀ pa á, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kùmọ̀ lù ú. Tàlátù sọ ẹrù kalẹ̀, ó gbé kùmọ̀ kejì! Obìnrin kì í lu aṣọ níbí, gbogbo àdúgbò dúró wò wá. Láwàní náà dán débi pé Kànde tẹjú mọ́ ọn, ó ní ta ni ìyá tó fajú ro nínú rẹ̀ yẹn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kùmọ̀ mi wúwo jù fún Tàlátù, mo fẹ́ kí agbẹ́gi gbẹ́ fífúyẹ́ kan fún un, nítorí ó ní òun ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ́.

Omi kò ní tú iyì rẹ, àmín.

Bàbá rẹ, ọkọ ìyàwó,
Láwàlì.